Ìka Kan Láàárín Eyín Bàbá

Ìka kan ṣoṣo ló wọlé. Péjú rọra ki ìka rẹ̀ sáàárín eyín bàbá rẹ̀, ó dúró, ó ń retí pé bóyá ẹnu náà máa gba èkejì. Kò gbà á. Láoyè kérora nínú ọ̀fun, ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi sì bọ́ lójú ọ̀tún rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ sórí ìrọ̀rí. Péjú yọ ìka rẹ̀, ó nù ún mọ́ etí ìró. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa. Ó ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, tó ń kérora ní gbogbo ibi tí kòtò bá wà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló wí.

Ọjọ́ kẹta rèé tí ẹnu Láoyè ti há. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni àdá ha á lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń gé imọ̀ ọ̀pẹ, ọgbẹ́ kékeré tí kò tó èékánná. Ní Omífunfun, abúlé oko wọn, kò sẹ́ni tó pe orúkọ àìsàn náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti ro ó tán: ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹnu há, ipá ni. Ipá ló pa Oyèlọlá, àbúrò Péjú, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, inú oko kòkó yìí kan náà ló ti mú un. Àdá ha òun náà lẹ́sẹ̀. Ẹnu òun náà ló kọ́kọ́ há. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ọ̀nà jíjìn, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí, nítorí wọn ò rí awakọ̀ tó gbà láti gbé òkú dé Ìkìrun, ìlú wọn. Títí di òní Láoyè kò tíì dé ojú oórì ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Bó bá di tèmi, ilé ni kí ẹ gbé mi lọ. Mi ò ní sùn sínú ilẹ̀ onílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ará Ìkìrun tó ń dáko nínú igbó yìí máa ń ṣe. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í ṣe tiwọn, àwọn Ìkálẹ̀ ló ni ín. Bí àmì ikú bá ti hàn lára àgbàlagbà kan, wọn a gbé e sínú ọkọ̀ láàyè, kí ó lè kú sí ilé baba rẹ̀. Bàbá Fádáre, olórí wọn, ló máa ń ṣètò rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti sìn délé bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá.

Òun náà ló sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ nísinsin yìí, tó ń gbọn eruku kúrò lára fìlà. Ó gbé àpò kan kọ́ apá. Péjú wo àpò náà. Ibi tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, etí aṣọ funfun yọ síta, aṣọ tuntun tí wọn ò tíì tú ká.

Bàbá rẹ̀ náà rí i. Péjú mọ̀ pé ó rí i, nítorí pé ó yí ojú sí ògiri.

"Ṣé ẹ ti múra?" Fádáre béèrè.

"A ti múra, sà."

Ó sì sún sẹ́yìn kí àwọn ọkùnrin lè kọjá. Bí Péjú ti rí nìyẹn. Ìwé mẹ́rin ló kà kí ilé ìwé tó já lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti lọ sí Wàrì ní ọdún tó kọjá, níbi tí epo rọ̀bì ti ń sọ ẹni gbogbo di ọ̀gá. Obìnrin ọdún márùndínláàádọ́ta, tó jẹ́ pé bí àwọn ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó máa wò. Ó máa ń wo ojú ọ̀run, ó máa ń wo ojú ènìyàn, ó máa ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ níbi tó bá ti ń hun apẹ̀rẹ̀.

Kò sí oko kòkó láti Omífunfun títí dé Ajue tí wọn kì í fi apẹ̀rẹ̀ Láoyè kó kòkó. Imọ̀ ọ̀pẹ ló fi ń ṣe é. Yóò fi ọ̀bẹ la orí imọ̀ náà díẹ̀, yóò fi eyín di apá kan mú, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì fa apá kejì títí yóò fi ya dé ìsàlẹ̀. Ṣàà! Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Péjú ti gbọ́njú. Ó sì ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Láoyè sínú ọkọ̀. Pákó ló kún inú ọkọ̀ náà, wọ́n sì ti tẹ́ ẹní méjì àti tìmùtìmù kan sórí wọn. Pius awakọ̀ ń na ọwọ́ láti òkè. "Ẹ rọra o! Bàbá fúyẹ́ ju pákó mi lọ. Màmá, ẹ di nǹkan mú dáadáa, ọ̀nà yìí kò mọ àgbà."

Fádáre jókòó síwájú lọ́dọ̀ rẹ̀. Péjú jókòó sẹ́yìn, ó gbé orí bàbá rẹ̀ lé itan. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ó bojú wẹ̀yìn wo ilé. Apẹ̀rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń hun lọ́wọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn awẹ́ imọ̀ tí kò tíì hun nà síta bí irun tí wọn ò dì.

Kò sunkún. Ẹ̀rù tó ń bà á kò jẹ́ kí omi ojú rí àyè.

Ohun tó ń bẹ̀rù gan-an kì í ṣe ikú nìkan. Ó ń bẹ̀rù ọ̀nà tí ipá ń gbà pani. Òun ló tọ́jú Oyèlọlá ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó gbé e lọ. Ọmọ kan jẹ́ kí ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níta, ìdérí lásán, ara Oyèlọlá sì tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun. Gìgísẹ̀ àti ìpàkọ́ nìkan ló kan ẹní. Péjú gbé ọwọ́ lé e níkùn láti tù ú, ikùn náà sì le bí ilẹ̀ tí oòrùn ti sá. Láti ìgbà náà títí tí wọ́n fi gbé e lọ, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́ nínú ilé. Nísinsin yìí ọkọ̀ yìí ń pariwo, ọ̀nà ṣì jìn, Péjú sì ń ṣọ́ ìpéǹpéjú bàbá rẹ̀. Ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀? Ṣé ní ẹsẹ̀ òkè yìí ni? Ṣé ní orí afárá tó wà níwájú yẹn ni?

Wọn ò tíì dé títì nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ́.

Ó dún bí ìbọn. Ọkọ̀ fì sí ọ̀tún, pákó gbá pákó, àwọn ẹyẹ fò jáde nínú igbó. Péjú da ara lé bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó di ojú. Ó ń retí kí ara náà tẹ̀.

Ara náà kò tẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn kan lábẹ́ àyà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń pòṣé. Òṣé gígùn tó máa ń pa bí òjò bá bọ́ sórí imọ̀ tó sá, tó fi ń bínú sí ayé gbogbo. Péjú gbé orí sókè. Láoyè la ojú, ó ń wo ibi tí táyà wà, bí ẹni tó fẹ́ bá Pius jà.

Nísàlẹ̀, Pius ń bú ẹni tó ta táyà náà fún un. Péjú kò gbọ́ ọ. Ó mú kọ́ọ̀bù páànù tí wọ́n fi ń bu omi, ó gbé e sókè. "Ẹ forí jì mí, Bàbá," ló wí, ó sì jù ú mọ́ irin ọkọ̀. Gbàràn-ún!

Láoyè kàn wò ó. Ojú rẹ̀ ń béèrè bóyá orí ọmọ rẹ̀ ti dàrú.

Ó gbé ọwọ́ lé e níkùn. Ikùn náà rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ó tún padà jáde, bí ikùn ẹni tí ebi ń pa ṣe ń ṣe. Ó gbé orí bàbá rẹ̀ síwájú, ọrùn sì tẹ̀ lé e láìjanpata. Nígbà náà ni oríṣiríṣi nǹkan tó ti ń wò, tí kò sẹ́ni tó bi í, bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn jọ nínú rẹ̀. Ó ti tó òjò méjì tí ohun kan ti ń dún kọ̀, kọ̀, níwájú etí ọ̀tún bàbá rẹ̀ bó bá ń jẹ iṣu. Ó ń fi ọwọ́ pa ibẹ̀ láràárọ̀. Ó ti dẹ́kun jíjẹ àgbàdo sísun, ó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́, ẹni tó jẹ́ pé àgbàdo ló fi ń yọ̀. Ní oṣù tó kọjá, ẹnu rẹ̀ há níbi tó ti ń yán, ó fi ọwọ́ tì í sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ṣí. Gbogbo ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ kí àdá tó ha á lẹ́sẹ̀.

Péjú sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Bàbá," ó pe Fádáre, "ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe... mi ò rò pé ipá ni."

Fádáre yí ojú sí i. "Kí ni?"

"Táyà bẹ́, wọn ò ta gìrì. Ikùn wọn rọ̀. Ti Oyèlọlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu yẹn ti ń ṣe wọ́n tipẹ́. Tí a bá dé Òrè, ẹ jẹ́ ká yà sí ilé ìwòsàn."

"Péjú." Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. "Ṣé ìwé mẹ́rin tí o kà ló sọ ẹ́ di dókítà? Etí mi méjèèjì ni bàbá rẹ fi sọ ọ́ pé ilé ni kí n gbé òun lọ. Tí wọ́n bá dá a dúró síbẹ̀, tó bá kú sọ́wọ́ wọn, ṣé ìwọ lo máa wá awakọ̀ tó máa gbé e? O ti gbàgbé àbúrò rẹ?"

Kò gbàgbé. Ohun tó dá ahọ́n rẹ̀ dúró nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé òun ló ṣì í, òun ni yóò sọ bàbá òun sí ilẹ̀ onílẹ̀, lẹ́yìn ìbúra ọdún mọ́kànlá. Ó wo ilẹ̀. Pius, tó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, na orí jáde.

"Bàbá Fádáre, èmi kì í dá sọ́rọ̀ ẹbí o. Ṣùgbọ́n táyà tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ yìí náà kò sàn. Tí a bá dé Òrè, màá lẹ èyí tó bẹ́ kí n tó fojú kan ọ̀nà Oǹdó. Ó máa tó wákàtí kan, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà ni ilé ìwòsàn wà."

"Mo ní ilé là ń lọ."

Péjú yí ẹ̀yìn sí i. Ó tún gun ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ ti orí bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta, Láoyè kò tíì sọ gbólóhùn kan. Gbogbo wọn gbà pé kò lè sọ̀rọ̀ ni.

"Bàbá, ẹ ti búra, mo mọ̀. Mi ò fẹ́ já ìbúra yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí..." Ó tún gbé ọwọ́ lé e níkùn. "Kí ni kí n ṣe?"

Láoyè wò ó títí. Ètè rẹ̀ yà, eyín kò yà, ọ̀rọ̀ náà sì gba àárín eyín jáde díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo máa ń wò mí tí mo bá ń jẹun. Ṣe bí o ṣe rí i."

Fádáre gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí orí. "Ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ni Láoyè tún fi eyín sọ, "ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀."

Nílé ìwòsàn tó wà ní Òrè, ariwo ọkọ̀ ojú títì ń wọ ojú fèrèsé. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n gbé Láoyè sí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló jáde wá, obìnrin Ìkálẹ̀ tó sanra, tó wọ ìgò ojú. Lydia ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀. Nígbà tí Fádáre pe ipá, kò fi ṣeré. Ó yára tẹ ikùn, ó gbá orúnkún, ó tẹ ọrùn síwájú sẹ́yìn, ó wo ọgbẹ́ ẹsẹ̀, ó sì mú igi pẹlẹbẹ kan, ó ki í gba àárín eyín lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Láoyè fẹ́rẹ̀ẹ́ bì lé e lára.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Tó bá jẹ́ ipá ni, ńṣe ni ẹnu yẹn ì bá gé igi mi jẹ."

Ó fi ìka kan síwájú etí Láoyè lápá ọ̀tún. "Bàbá, ẹ mi ẹnu yín díẹ̀. Ibí ló ń dùn yín?"

Láoyè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ fi ń jẹun?"

Péjú ló dáhùn, ó yà á lẹ́nu pé òun ló dáhùn. "Ọ̀tún nìkan ni, Mà. Eyín òsì ti yọ, mẹ́ta, ti ẹ̀yìn."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń hun." Péjú kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú ẹnu, ó ki ohun tí kò sí sí eyín, ó sì fà á dé ìdí. Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó ní kí ó tún un ṣe.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lóòjọ́?"

"Wọn kì í kà á, Mà. Láti kékeré wọn ni."

"Háà! Bàbá, ẹ sọ eyín di ọwọ́ kẹta!" Ó bọ́ ìgò ojú. "Ẹ gbọ́ mi, kò sí ikú níbí. Níwájú etí, níbi tí egungun àgbọ̀n ti so mọ́ orí, oríkèé wà níbẹ̀ bíi ti orúnkún. Orúnkún àgbà ń dùn ún, àbí kò ń dùn ún? Nǹkan rírọ̀ kan wà láàárín oríkèé yẹn bí tìmùtìmù. Tiyín ti yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, ló bá dí ọ̀nà. Bí ìgbà tí bàtà há sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́. Bàtà ni ká yọ."

Ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá. Ó ti táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, ó fún un, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Láoyè, ó sì ní kí Péjú máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń tutù. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ nítorí ọgbẹ́ ẹsẹ̀, ó ní àìgún un ló lè mú ipá wá lóòótọ́. Bí Péjú ti ń pààrọ̀ táwẹ́ẹ̀lì, ojú Láoyè ń rọ̀. Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì wé aṣọ mọ́ àtàǹpàkò, ó rọra ki í sẹ́nu rẹ̀ títí dé orí eyín ìkẹyìn, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó fà á síwájú.

Kọ̀!

"Yéè!" ni Láoyè ké, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì mú, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbà á padà. Nọ́ọ̀sì mú ọwọ́ Péjú. "Wọ̀n ọ́n."

Ìka méjì wọlé. Ó gbìyànjú ẹ̀kẹta, ó dúró sí èékánná.

"Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbà á," ni nọ́ọ̀sì wí. "Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oúnjẹ rírọ̀. Ẹ gé iṣu kéékèèké. Kò sí orógbó, kò sí obì. Ẹ má yán bí ẹkùn. Màá kọ lẹ́tà fún yín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Àkúrẹ́. Ó lè tún máa dún kọ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Tó bá tún há, ẹ má dúró di ọjọ́ kẹta."

"Apẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" ni Láoyè béèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọwọ́ yín ló ń hun apẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín di orí imọ̀ mú."

Láoyè ronú sí i. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Fádáre dúró sí láti ìgbà tí ẹnu ti ṣí, tí àpò sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

"Fádáre."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Aṣọ inú àpò yẹn, ọ̀pá mélòó ni?"

Fádáre wo ilẹ̀. "Mẹ́rin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kò tó mi. O ò rí i pé mo ga ni? Fi rán bùbá fún ara rẹ, kí o wọ̀ ọ́ wá kí mi ní Omífunfun lọ́la."

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí Pius, tó wá sọ pé táyà ti ṣetán, tó mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Fádáre ló kẹ́yìn. Ó bọ́ fìlà, ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Péjú kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, ó sì rò pé Fádáre náà kò mọ̀.

Pius bá ọ̀nà Oǹdó lọ pẹ̀lú pákó rẹ̀. Àwọn mẹ́ta sọdá títì lọ sí òdìkejì, níbi tí ọkọ̀ tó ń wọ inú oko ti ń kérò. Láoyè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá. Fádáre gbé tìmùtìmù lérí.

Wọ́n jókòó dúró de ọkọ̀. Péjú rí i pé bàbá òun tún ti ń pa eyín pọ̀, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ. Ó rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ gbẹ̀yìn: kí ètè pa pọ̀, kí eyín yà, kí ahọ́n máa sinmi.

"Bàbá, eyín yín. Ẹ jẹ́ kó yà."

"O ti tún ń wò mí."

"Mò ń wò yín."

Láoyè rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí ó yà. Ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà ilé, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí ó fi gbé ojú kúrò lára wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ Fádáre bóyá òjò ti pa imọ̀ òun.

Péjú fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó le. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé eyín òun náà wà ní pípapọ̀, òkè mọ́ ìsàlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dun òun dé etí. Kò lè sọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ní àárọ̀ yìí. Ó lè jẹ́ láti ọjọ́ tí ìdérí ìkòkò ti bọ́.

Ó pa ètè pọ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ láìfẹ́ kó dún, ó jẹ́ kí eyín rẹ̀ yà.